Ọmọ Pupa ní Ilé Ẹlẹ́ṣin Dúdú

Ọjọ́ tí Safiyat kọ́kọ́ fojú kan Adétóyè, inú imí ẹṣin ni dókítà náà jókòó sí. Dúdúyẹmí, abo ẹṣin bàbá Safiyat, ló ta á nípàá níbi tó ti fẹ́ yẹ pátákò rẹ̀ wò, ó sì ṣubú sínú ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣubú sí. Ìgbà ọyẹ́ ni, ọdún 1997, eruku ti gba gbogbo Ọ̀fà. Safiyat bu omi wá fún un kó fi fọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè gbé abọ́ náà dúró.

"Ẹ má bínú, dókítà," ó wí. "Kò fẹ́ràn àlejò ni."

Adétóyè wo ṣòkòtò ara rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà. "N ò bínú rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń gbé omi wá fún ẹni tó bá ṣubú, mo lè tún ṣubú lọ́la."

Ó sì padà wá lọ́la. Ọmọ Ọ̀fà ni òun náà, ọmọ Mama Caroline, hẹdimísírẹ́ẹ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í fi àga iwájú sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ìjọba ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ní dókítà ẹran sí Ìlemọ̀nà ni. Pátákò Dúdúyẹmí jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ dókítà ò yéé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Alhaja Asiata, ìyá Safiyat, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé, "Irú àìsàn wo ló ń ṣe ẹṣin yìí tó fi ń sanra báyìí?"

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé. Ọkọ̀ ojú irin kì í sábà wá mọ́ nígbà náà, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pẹ́, kí wọ́n sì máa sọ fún ẹni tó bá bi wọ́n pé ọkọ̀ làwọn ń dúró dè.

"Safi mi, mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe aya," ni Adétóyè sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀."

"O ò ní dá mi lóhùn?"

"Ọkàn mi ti dá ẹ lóhùn tipẹ́. Bàbá mi ló kù. Imàle ni wá, Tóyè. A kì í sì ṣe imàle lásán, ẹlẹ́ṣin ni wá."

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ilé Ẹlẹ́ṣin Dúdú ni wọ́n ń pe ilé wọn. Láti ayé bàbá-bàbá rẹ̀, olórí ilé kì í gun ẹṣin mìíràn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá bí kò ṣe ẹṣin dúdú tí wọ́n bí nínú ọgbà tiwọn. Bí akọ bá ti gun abo, wọ́n á ti abo náà mọ́lé fún ogójì ọjọ́, kí akọ mìíràn má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin ilé tí kò tíì lọ sílé ọkọ ni í so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn, wọ́n ní ẹni tí kò ní ilé méjì, ọkàn rẹ̀ kò lè pín. Lọ́dún yẹn, Safiyat ló kàn. Bàbá rẹ̀, Alhaji Abdulganiyu, ló fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn lọ́rùn.

"Orúkọ ilé ni mo so mọ́ ẹ lọ́rùn yìí o," ni bàbá náà wí. "Orúkọ ilé ló ṣáájú orúkọ ẹnikẹ́ni."

Safiyat fi kọ́kọ́rọ́ náà sùn, ó fi jí, ó fi wẹ̀. Ó so ó mọ́rùn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Kódà lọ́jọ́ tó lọ gba satifíkéètì olùkọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà ní àlọ àti àbọ̀.

Oṣù mọ́kànlá pé, Dúdúyẹmí bímọ. Gbogbo ilé dúró yí i ká. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, wọ́n nu ara rẹ̀. Ó pupa bí epo. Irun gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ funfun bí irun arúgbó.

Dúdúyẹmí dúdú, Adúmáadán, akọ ẹṣin tó gùn ún, dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ibo ni pupa gbà wọlé? Alhaji Kamaldeen, àbúrò bàbá Safiyat, tí àwọn ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni kò jẹ́ kí ìbéèrè náà sinmi. Òun ni ipò olórí ilé kàn lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wo òrùlé kiri, tó ń wá ibi tó ń jò.

"Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ni," ó wí lójú gbogbo ilé. "Ẹni tí a so kọ́kọ́rọ́ mọ́ lọ́rùn, ibùdókọ̀ ojú irin ló wà pẹ̀lú ọmọ onígbàgbọ́. Akọ tó ń jẹko kiri ló wọlé. Ẹni tó ṣí ìlẹ̀kùn ẹṣin sílẹ̀, ṣé tara rẹ̀ ló máa wá tì?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Safiyat dé egungun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé kì í tún ṣe ẹṣin ni wọ́n ń sọ mọ́. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ti dé ẹnu àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi, ó ti gun ọ̀kadà dé Ìjàgbó. Àwọn tí wọ́n ń kí i tẹ̀rín-tọ̀yàyà tẹ́lẹ̀ wá ń wo ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀.

Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, n ò ṣí ìlẹ̀kùn."

Alhaji Abdulganiyu ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?"

"Mo ní mo gbọ́, Safiyat."

Kò bá a wí, kò sì gbà á sílẹ̀. Ìyẹn ló dun ọmọ náà ju èébú lọ.

Adétóyè ò lè fara dà á. Ó wá bá àwọn àgbà ilé méjèèjì, bàbá Safiyat àti Alhaji Kamaldeen, ní pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ ohun tó bá wá.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Ọmọ ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń gba àwọ̀ méjì, ó ń gba ọ̀kan lára ìyá, ó ń gba ọ̀kan lára bàbá. Bí dúdú bá pàdé pupa nínú ara kan, dúdú á bo pupa mọ́lẹ̀. Ojú á rí dúdú nìkan. Ṣùgbọ́n pupa ò kú, ó wà nínú níbẹ̀, ẹṣin náà sì lè fi fún ọmọ rẹ̀. Bí ìyá dúdú àti bàbá dúdú bá ń gbé pupa pamọ́ àwọn méjèèjì, wọ́n lè bí ọmọ pupa."

Alhaji Kamaldeen rẹ́rìn-ín. "Báwo la óò ṣe wá mọ ohun tó wà nínú ẹṣin? Ṣé a máa là á ni?"

"Irun ni, bàbá. Bí a bá fa irun gọ̀gọ̀ tegbò-tegbò, ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Amẹ́ríkà, Olúyẹmí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa yẹ irú ìdí irun bẹ́ẹ̀ wò. Yóò sọ fún wa bí Adúmáadán bá gbé pupa pamọ́."

"Bí kò bá gbé e pamọ́ ńkọ́?"

Adétóyè mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé akọ mìíràn ló bí i."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Alhaji Kamaldeen wí. "Bí irun bá gbè yín, máa fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ léèrè ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá gbè yín, o ò gbọdọ̀ tẹ ilé yìí mọ́ títí ayé. Safiyat yóò sì lọ sílé ọkọ ní Kánò, lọ́dọ̀ ẹni tí mo ti bá sọ̀rọ̀. Àbí kí lẹ wí, ẹ̀gbọ́n mi?"

Gbogbo ojú yí sí Alhaji Abdulganiyu. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ilẹ̀ látìgbà tí dókítà ti ń ṣàlàyé. "Irun lásán," ó wí nígbẹ̀yìn. "Kí ni irun lè sọ? Ẹ fà á."

Safiyat ló di ìjánu mú nígbà tí Adétóyè ń fa irun náà, ti Adúmáadán, ti Dúdúyẹmí, ti ọmọ pupa.

"Tóyè, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú pé o ò ṣí ìlẹ̀kùn, olólùfẹ́ mi. Tí o ò bá ṣí i, akọ yìí ló bí i, pupa sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn."

Bí ọkùnrin bá fẹ́ràn obìnrin, ìmọ̀ ìwé rẹ̀ a máa sáré jù ú lọ nígbà mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Safiyat lọ kí Mama Caroline, torí kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun ń sá. Màmá náà gbé àga fún un, ó fún un ní bísíkíìtì, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ imàle ní ìlú yìí, mo sì fẹ́ràn wọn. Ti ẹ̀sìn kọ́ ló jẹ mí lógún. Ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ gan-an ò gbà gbọ́, ṣé èmi ni kí n wá gbà á gbọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Mama," ni Safiyat wí. Ó gbé bísíkíìtì náà sílẹ̀, ó dìde.

Olúyẹmí ránṣẹ́ pé òun yóò pè wọ́n lórí tẹlifóònù. Ọjọ́ náà pé, Adétóyè àti Safiyat lọ dúró ní ọ́fíìsì tẹlifóònù láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Adétóyè, àwọn méjèèjì ki orí bọ inú àpótí tẹlifóònù kan ṣoṣo, etí wọn mọ́ ara wọn.

"Tóyè, abo yẹn gbé pupa pamọ́ o," ni ohùn Olúyẹmí ń sọ láti ọ̀nà jíjìn. "Ṣùgbọ́n akọ yẹn ò gbé e. Dúdú ni níta, dúdú ni nínú. Kò lè bí ọmọ yẹn láéláé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi."

Wọ́n jáde. Oòrùn mú. Safiyat jókòó sórí bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta ló máa mọ̀?" ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí o bá sọ fún wọn pé ó gbé e pamọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀," ni Adétóyè dáhùn. "Èmi àti ìwọ nìkan ni. A óò máa gbé irọ́ náà pọ̀ títí a óò fi kú."

Safiyat gbójú sókè wò ó. "Ṣé o rò pé mo ṣí i ni?"

Adétóyè lóṣòó síwájú rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí náà bá sọ pé òun ò gbà á gbọ́, Safiyat mọ̀ pé òun yóò fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sí Kánò.

"Mo gba irun yẹn gbọ́," ni Adétóyè sọ nígbẹ̀yìn. "Mo sì gbà ọ́ gbọ́. N ò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹlòmíràn ló mú ẹṣin yẹn jáde. Safi, kọ́kọ́rọ́ mélòó ni ìlẹ̀kùn yẹn ní?"

Ó la ẹnu láti sọ pé ọ̀kan ni, ó sì pa á dé. Méjì ni. Èkejì wà nínú àpótí bàbá rẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tó ń rántí rẹ̀, torí ta ni yóò ronú pé olórí ilé lè tú àṣà ara rẹ̀? Nígbà náà ló wá rántí ọjọ́ tó ti Ìlọrin dé. Ẹṣin tó fi sílẹ̀ nínú ilé, eruku pupa ojú ọ̀nà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó bi bàbá rẹ̀ léèrè, bàbá ní ọyẹ́ ni, pé ọyẹ́ ń wọ gbogbo ibi. Ó gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bú sẹ́kún. Adétóyè kò bi í léèrè mọ́, ó ti yé e.

"Má sọ ọ́," ni Safiyat wí. "Ohun tí irun sọ ni kí o sọ fún wọn. Má fi kọ́kọ́rọ́ kún un."

"Safi, wọ́n á lé mi. Wọ́n á gbé ẹ fún ẹni tí o ò rí rí."

"Bàbá mi ni, Tóyè. Bí Bàbá Kékeré bá gbọ́, wọ́n á yọ ọ́ nípò, wọ́n á sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Ọ̀fà. Ṣèlérí fún mi."

Ó ṣèlérí. Inú ń bí i débi pé kò lè dì í mọ́ra, ó kàn fi áńkáṣíìfù rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì rìn lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ilé pé jọ sí pálọ̀ Alhaji Abdulganiyu. Adétóyè sọ ohun tí Olúyẹmí sọ, kò yọ ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un. Alhaji Kamaldeen pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tán."

"Irun ní akọ mìíràn ni, bàbá," ni Adétóyè wí. "Irun ò dárúkọ Safiyat."

"Ta wá ni? Ta ló tún lè ṣílẹ̀kùn nílé yìí?"

Tẹ̀sùbáà tó ń dún lọ́wọ́ Alhaji Abdulganiyu dákẹ́. Safiyat rí i pé Bàbá Kékeré náà ti gbọ́ bí tẹ̀sùbáà ṣe dákẹ́, ó sì ń yí orí bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síhà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ojú náà tó débẹ̀, Safiyat ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo ṣí i sílẹ̀. Ẹ má bi ẹlòmíràn."

Adétóyè dìde dúró. "Safi." Kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlérí ti dí i lẹ́nu. Alhaja Asiata fi gèlè bojú, ó ń sunkún.

"Ọlọ́run ti tú àṣírí," ni Alhaji Kamaldeen wí. "Ìyàwó Kánò, lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

"Ìyàwó Kánò kọ́."

Alhaji Abdulganiyu ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ há, bí ohùn ẹni tí kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀. "Safiyat, dìde nílẹ̀. Irọ́ lo pa."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o dìde." Ó kọjú sí àwọn ará ilé. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbí, mo sì ń wò ó bí orí ọmọ mi ṣe ń wọ́. Adúmáadán ti gbó. Ó ti pẹ́ tó ti ń gun abo tí abo ò lóyún. Mo wo Yídì tó ń bọ̀, mo wò ó pé ojú mi ni ìran ẹṣin yìí fẹ́ run sí. Ọjọ́ tí ọmọ yìí lọ sí Ìlọrin ni mo mú kọ́kọ́rọ́ kejì. Mo fọwọ́ ara mi fa Dúdúyẹmí lọ sí Ìjàgbó, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní akọ. Dúdú ni akọ náà, dúdú kirikiri. Mo ní, bí dúdú bá gun dúdú, ta ló máa mọ̀? Èmi tí mo dàgbà sẹ́yìn ẹṣin, n ò mọ̀ pé dúdú lè gbé pupa pamọ́ sínú. Ẹnu dókítà yìí ni mo ti gbọ́ ọ, nínú pálọ̀ yìí, lọ́jọ́ yẹn."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Mo gbọ́ ọ, mo sì tún dákẹ́. Mo ní irun ò lẹ́nu. Ẹ ń bú ọmọ mi, èmi ń fa tẹ̀sùbáà. Kamaldeen, ipò olórí ilé, máa gbà á. Kì í ṣe ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi, èmi ni mo jù ú nù."

Alhaji Kamaldeen, tó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún mọ́dún, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Fún ọjọ́ mélòó kan, Safiyat kì í lè wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá náà ló wá bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọṣọ, ó jókòó sórí òkúta bí àlejò.

"Kí ló mú ọ parọ́ nítorí mi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé orúkọ ilé ló ṣáájú."

Alhaji Abdulganiyu gbé orí mì. "Mo kọ́ ọ ní òdì."

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá," ni Safiyat wí, ó ń fún aṣọ. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí."

"Kó máa dùn ọ́. Ó yẹ kó dùn ọ́." Ó bá a fún aṣọ náà. "Ọmọkùnrin yẹn, àyẹ̀wò tirẹ̀ ń sọ fún un pé kó má gbà ọ́ gbọ́, ó sì gbà ọ́ gbọ́. Èmi tí mo mọ òtítọ́, n ò gbè ọ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi í léèrè ẹ̀sìn? Ní kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n bọ̀ lóòótọ́, Mama Caroline àti àwọn ẹbí rẹ̀, pẹ̀lú èso àti ọ̀rọ̀ tútù. Àwọn ọkùnrin ń kí ara wọn ní pálọ̀ nígbà tí Mama Caroline fa Safiyat wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

"Wọ́n ní o kúnlẹ̀, o parọ́ mọ́ ara rẹ nítorí bàbá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Gbogbo àwọn tó wá ròyìn rẹ̀ fún mi ló ń yìn ọ́. Èmi ò ní yìn ọ́." Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú. "Gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ mi ni Adétóyè, kò sì sí ohun tí n ò lè ṣe nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni, yóò ṣẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ náà, o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ bá a gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. O ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni gbé e mọ́. Ilé mi ni kí o máa bọ̀, kí o wá sọ fún mi. Ṣé o gbọ́?"

Látìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ti sọ ohun tí Safiyat jẹ ilé fún un. Kò sí ẹni tó tíì sọ pé ó yẹ kí wọ́n dáàbò bo òun náà. Ó gbé orí lé èjìká màmá náà, ó sì sunkún títí aṣọ léèsì rẹ̀ fi tutù.

Adétóyè kanlẹ̀kùn, ó yọjú. "Mama, kí ló dé? Kí lẹ fi ṣe é?"

"Padà síta," ni Mama Caroline wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni."